Ojo Tó Dá Ẹgbẹ́ Má-Kọjá-Mi Sílẹ̀

Bàbá àgbà mi sáré ju rélùwéè lọ. Mo tún un wí: ó sáré jù ú lọ. Ní Ìfọ̀ ni rélùwéè ti fọn fèrè sí i lẹ́yìn, jìnnìjìnnì mú un, ó sì ki eré mọ́lẹ̀ lójú irin. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Nígbà tí rélùwéè yóò fi dé Pápálántó, bàbá ti mu omi, ó ti kírun, ó ti jókòó níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdókọ̀, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń wa rélùwéè sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ rélùwéè.

Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn a máa kọ̀wé pé bàbá àgbà àwọn pa ẹkùn, pé ó bá ọba jẹun nínú àwo kan. Tèmi sá ni. Ràímì Àkànní lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Mowé, onílọ́rì ní Ìfọ̀. Gbogbo ohun tó ṣe láyé, ẹ̀rù ló fi ṣe é, ẹ̀rù náà ló sì fi ṣe èyí tí àwọn aláyà líle ò lè ṣe. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, káfíńtà ni mí. Èmi ni mo ń kan pákó sí ara lọ́rì wọn. Ìwé mi ò kọjá Sítáńdáàdì Kẹta, nítorí náà, bí àmì bá já bọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ bá mi gbé e padà síbẹ̀. Ní àwọn ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ogun abẹ́lé ti parí, mo ti gbéyàwó, mo ti ń bímọ, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere.

Kò sí ohun tí kì í ba bàbá lẹ́rù. Ọ̀pọ̀lọ́ ń bà á lẹ́rù. Ààrá ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá dákẹ́ jù ń bà á lẹ́rù, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín jù tún wá burú ju ìyẹn lọ. Kó tó wọ lọ́rì láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò wo abẹ́ rẹ̀ bíi pé ejò ti kó ọmọ síbẹ̀. Kì í jókòó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò ní, "Ta ni?" Wàá ní ìwọ ni. "Ìwọ ta ni?" Wàá dárúkọ. "Kí lorúkọ ìyá rẹ?" Mo fi ojú ara mi rí i tó béèrè orúkọ ìyá lọ́wọ́ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ìyẹn bàbá mi, tí bàbá mi sì dúró nínú oòrùn tó ń dárúkọ ìyàwó bàbá rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Nígbà yẹn, kò sí lọ́rì tí wọn kì í kọ nǹkan sí. Ẹnì kan á kọ "Ọ̀TÁ Ò LÈ RÍ MI GBÉ ṢE", ẹlòmíràn á kọ "ÀJÀNÀKÚ Ń KỌJÁ LỌ". Bàbá ní kí ẹni tó ń kọ ọ́ kọ tòun báyìí: "Ẹ̀RÙ Ń BÀ MÍ, Ẹ RỌRA." Ọkùnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Gbogbo ayé ni yóò máa kà á o."

Bàbá ní, "Kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, òun ló ń délé."

Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó wà, kálukú ló ń dá lọ tó ń dá bọ̀ lọ́nà Abẹ́òkúta sí Èkó. Ìfọ̀ wà láàárín, gáréèjì wa sì ni wọ́n ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń di ẹrù, tí wọ́n ti ń purọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìn bàbá dákẹ́ lẹ́yìn Wásinmi, ọsàn ló kún inú lọ́rì. Ó ṣẹ́ ewé, ó tò ó sójú ọ̀nà bí gbogbo onímọ́tò ṣe ń ṣe, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ọkọ̀ ti bàjẹ́ níwájú. Àwọn lọ́rì Ìfọ̀ dé, wọ́n rọra yà fún ewé, wọ́n kọjá. Ọ̀kan fun fèrè fún un. Ọ̀kan juwọ́ sí i bí ìyàwó tuntun. Oòrùn ń rọ̀, igbó ń sọ̀rọ̀. Bàbá wọ inú ọsàn, ó rì sínú rẹ̀ títí dé ọrùn, ó wá ku orí nìkan lókè láàárín ọsàn. Àgbẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ló rí i, tó sì kọ́kọ́ sá kó tó padà wá ràn án lọ́wọ́.

Ó dé ilé, kò jẹun. Mo ní, "Bàbá, ṣé igbó ló ń bà yín lẹ́rù báyẹn?"

"Igbó kọ́. Igbó ò mọ̀ mí rí. Àwọn tó kọjá ni. Mo mọ̀ wọ́n, Múnírù. Mo mọ orúkọ ọmọ wọn."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ bá àwọn onílọ́rì nílé, láti ilé dé ilé. Wọ́n pàdé lábẹ́ ìbòrí páànù tí mo kàn sí gáréèjì, wọ́n sì fi òfin kan ṣoṣo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: bí o bá rí ewé lójú ọ̀nà, tí o sì rí lọ́rì ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ewé náà, dúró. Bí o bá lè tún un ṣe, bá a tún un ṣe. Bí o kò bá lè ṣe é, jókòó tì í. Orúkọ ẹgbẹ́ jáde láti inú òfin: Má-Kọjá-Mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, wọn kì í gba obì lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò gbé lọ́rì rẹ̀ sẹ́nu gáréèjì, yóò ṣí iwájú rẹ̀ sílẹ̀, yóò mú ewé dání. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á wa lọ́rì wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á béèrè pé, "Kí ló ṣe ọ́ lọ́nà?" Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá tó béèrè, o ti di tiwọn. Ẹni tó bá sì kọjá ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n á kó ewé lé orí ẹ́ńjìn lọ́rì rẹ̀ ní gbangba, kò sì sí agbẹ́rù kan tí yóò fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ títí di ìpàdé mìíràn. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé e, wọ́n á máa pè é ní Olóko.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàbá jẹ alága, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ má rò pé ìfẹ́ yín ni mo fi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹnì kan wà tí kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá balẹ̀. Jìnádù ni. Gìrìpá ọkùnrin, bàbá lè bí i lọ́mọ, lọ́rì rẹ̀ ló tuntun jù ní gáréèjì, ó sì kọ ọ́ sí i níwájú pé "KÌNNÌÚN Ò JẸ KORÍKO". Ìpàdé kan wà tí ewúrẹ́ sín lẹ́yìn pákó. Bàbá ti dìde.

Jìnádù ní, "Alága, ẹ jókòó. Ewúrẹ́ ni. Kò mú ìbọn dání."

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Ṣé o rí i?"

"Rárá, mo gbọ́ ọ ni."

"O ò rí i, o wá mọ̀ pé kò mú ìbọn."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Jìnádù ni wọ́n ń rín. Inú bí i. Ó ní kò sí ìlú tí wọ́n ti ń fi ojo jẹ alága àfi Ìfọ̀. Bàbá gbà, ó ní òótọ́ ni. "Níbòmíràn, akọni ni wọ́n ń fi jẹ alága. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń wá òmíràn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, bàbá ti ilẹ̀kùn lọ́rì pa, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko rẹ̀ ní Mowé. Ó ní òun ò ní padà títí àwọn tó máa gbàgbé yóò fi gbàgbé tán, tí wọ́n á sì gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà. Mo lọ wò ó. Lójú ọ̀nà oko, níbi tí kò sí kẹ̀kẹ́ kan, apá ọ̀tún ni bàbá ń gbà láàárín ẹ̀gẹ́. Bó bá pàdé ewúrẹ́ lápá òsì, á dúró, á bú u pé kò gbọ́ òfin.

Mowé nígbà náà, ìletò ni. Oko ẹ̀gẹ́, oko ìrẹsì, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lọ sí Ọ̀fàdà. Nígbà tó yá ni katapílà dé, tó ń la ọ̀nà ńlá kan gba Ìbafọ̀ àti Mowé kọjá, tó ń wó igi bí ẹni ń fa ẹ̀fọ́ tu. Gbogbo ìlú jáde wá wòran, inú wọn ń dùn. Bàbá fara pamọ́ sẹ́yìn mi. Ó wo bí ọ̀nà náà ti fẹ̀ tó, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Nínú ọ̀nà tó fẹ̀ báyìí, ta ni yóò dúró de ta?"

Ibi tí ẹ̀rù gidi ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí, n ó sì gbìyànjú láti má ṣàwàdà jù.

Lẹ́yìn ogun, ìbọn di ohun tí èèyàn lè rí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ṣọ́jà tàbí ọdẹ. Àwọn adigunjalè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà. Wọ́n sì gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé awakọ̀ tó bá rí ewé á rọra, wọ́n á wá ṣẹ́ ewé, wọ́n á tò ó, wọ́n á gbé ọkọ̀ kan síwájú rẹ̀, wọ́n á sì fara pamọ́ sínú igbó. Ewé tí a fi ń ké pe ara wa ni wọ́n fi ń pè wá lọ sí ikú.

Múfútàù jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, onísùúrù èèyàn tí kì í ré fìlà ẹnikẹ́ni. Lọ́rì rẹ̀ aláwọ̀ ewé ni, èmi ni mo kan pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ara pákó náà ni wọ́n kọ "MÒ Ń BỌ̀ WÁLÉ" sí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sàídì, ló ń ta búrẹ́dì lẹ́nu gáréèjì. Lọ́jọ́ kan, agbẹ́rù Múfútàù nìkan ló sáré wọ Ìfọ̀, aṣọ ti fàya lára rẹ̀. Ó ní àwọn rí ewé, àwọn rí lọ́rì, òun sì ní kí àwọn máa lọ. Múfútàù ní, "Ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ o." Ó dúró. Àwọn ọkùnrin jáde láti inú igbó. Agbẹ́rù fò, ó sá, ó gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìn rẹ̀. A wá Múfútàù títí. A ò rí i, a ò rí lọ́rì rẹ̀. Fìlà rẹ̀ nìkan la rí nínú kòtò.

Láti ọjọ́ náà, Ìfọ̀ yí padà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ìyá á máa ka orí ọmọ. Àwọn awakọ̀ tó máa ń kọrin wọ gáréèjì wá ń wọlé ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́ ẹ̀ka igi, kódà kó jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́, àwọn èèyàn á yà fún un.

Ìyá Sàídì wá sílé bàbá. Kò kan ilẹ̀kùn. Bàbá rí i, kò béèrè orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó kí i, ó dìde. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, òfin yín ni ọkọ mi pa mọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lára rẹ̀. Ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Jìnádù kò jẹ́ kí wọ́n parí àdúrà.

"Òfin yìí ti pa ẹnì kan. Ta ló kàn? Mo ní kí a pa òfin kí òfin tó pa wá tán. Láti òní lọ, ẹni tó bá rí ewé, kó tẹná mọ́ ọkọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!"

Gbogbo ojú yí sí bàbá. Ṣé ẹ rí i, ohun tí wọ́n ń retí ni pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ta ni ẹ̀rù ń bà tó o ní Ìfọ̀? Bàbá dìde.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní.

Jìnádù ní, "A mọ̀, Alága. Ó wà lára lọ́rì yín."

"Ẹ̀rù àtidúró ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò tíì jókòó sínú ọsàn rí kí ẹ máa wo àwọn tí ẹ mọ̀ tí wọ́n ń kọjá. Mo ti mọ ẹ̀rù méjèèjì. Bí a bá pa òfin yìí, àwọn olè ò ní gba lọ́rì wa nìkan. Wọ́n á gba ara wa lọ́wọ́ ara wa."

Wọ́n kùn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ gidi ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í jáde nílé ni. Ni Jìnádù bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa. Kí òfin dúró ná. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí alága fúnra rẹ̀ bá bá ewé pàdé nínú igbó, tó bá dúró, òfin yè. Bó bá kọjá, òfin ti kú nìyẹn, kó sì fi ipò sílẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọ kékeré.

"Múnírù, bá mi gbàdúrà kí n má rí ewé mọ́ láyé mi."

Ó rí i. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n òjò ti sọ ọ̀sán di àṣálẹ́. Abẹ́òkúta la ti ń bọ̀, pákó tí mo rà ló wà lẹ́yìn, èmi àti bàbá nìkan la wà níwájú. A ti kọjá Pápálántó, a ti wọ ibi tí igbó ti fún ọ̀nà mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Bàbá ń wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin lórí, ó ń ka Kúlúwaláhù lábẹ́ ètè. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ewé. Ewé tútù, ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ́ lójúmọ́ náà. Bàbá tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn ewé, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, lọ́rì kan dúró, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò sí èèyàn kankan lára rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni. Omi ń ṣàn lójú gíláàsì wa, bàbá nù ún, mo sì kà á: MÒ Ń BỌ̀ WÁLÉ.

Pákó tí èmi fọwọ́ ara mi kàn. Mo mọ ìṣó kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa lọ."

Bàbá tún gíláàsì nù.

"Bàbá, lọ́rì Múfútàù ni! Àwọn tó pa á ló gbé e síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn ò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ni Múfútàù?"

"Ó ti kú, Bàbá!"

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó ti kú."

Ó pa ẹ́ńjìn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Bàbá fa àdá yọ lábẹ́ ìjókòó, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ó fò sílẹ̀ bí ẹkùn tí ebi ń pa. Ààrá sán, kò wojú rẹ̀. Ó gbé àdá sókè nínú òjò, ó bú ramúramù tí ẹyẹ inú igbó fi fò láìdúró títí dé Ìbafọ̀: "Èmi Ràímì Àkànní, alága Má-Kọjá-Mi, ni mo dúró yìí! Ẹni tó bá jẹ́ olè, kó jáde! Ẹni tó bá jẹ́ òkú, kó sọ ohun tó ṣe é lọ́nà!" Igbó pa lọ́lọ́. Òjò pàápàá dáwọ́ dúró díẹ̀ kó lè gbọ́ èsì.

Tápólì tó bo ẹ̀yìn lọ́rì mì. Mo pa ojú mi dé. Nígbà tí mo là á, obìnrin kan ló yọ orí, ìborùn funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lágbárí. Ìyá Sàídì ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Láísì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di irin mú.

Àwọn kan ti rí lọ́rì náà, tí àwọn olè pa tì sínú igbó lọ́nà Ìlaró, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ìyá Sàídì. Òun àti Láísì ló lọ gbà á láti gbé e wálé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti òwúrọ̀ ló ti dákẹ́ síbẹ̀. Wọn ò lè fi í sílẹ̀ kí olè má tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sì lè dúró síta kí olè má bá wọn níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ sá pamọ́. Ìgbà tí wọ́n bá mọ ìró rẹ̀ pé ọkọ̀ Ìfọ̀ ni, tí wọ́n bá jáde, onítọ̀hún ti rí àkọlé lára pákó, ó ti rò pé Múfútàù jí tàbí pé olè dẹ pańpẹ́, ó ti sá lọ. Ẹ bá mi wò ó: àwọn olè ń ba ẹgbẹ́ lẹ́rù, ẹgbẹ́ wá ń sá fún lọ́rì ọmọ ẹgbẹ́, opó ọmọ ẹgbẹ́ sì ń sá fún ẹgbẹ́.

Ìyá Sàídì ní, "Jìnádù rí mi, Bàbá. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo pè é lórúkọ. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ńṣe ló kígbe, tó yà fún mi bí ẹní yà fún ewé."

A fi ṣéènì so lọ́rì méjèèjì mọ́ra, a fà á wọ Ìfọ̀. Àwọn tó rí àkọlé yẹn tó ń kọjá nínú òjò sá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́jọ́ kan gbàgbé ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Ìyá Sàídì ló wá, ó ru ewé lórí dípò búrẹ́dì. Ó lọ sí ìdí lọ́rì Jìnádù, ó gbé ẹ̀ka kan lé orí ẹ́ńjìn rẹ̀.

Jìnádù ní, "Ìyá Sàídì, mo ṣe bí iwin ni."

"Iwin wo ló ń ta búrẹ́dì fún yín láràárọ̀, Bọ̀ọ̀dá Jìnádù?"

Ó lọ sí ìdí lọ́rì tó kàn. Ó mọ gbogbo àwọn tó kọjá. Ó gbé ewé lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó dìde láti dá a dúró, títí gáréèjì fi dà bí oko. Lẹ́yìn náà ló wá síwájú bàbá, ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú lọ́rì ọkọ òun, Láísì ni yóò máa wà á. Kò sí obìnrin nínú ẹgbẹ́ rí. Jìnádù ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì rẹ̀ níwájú Ìyá Sàídì, ojú ń tì í, ó ní, "Kí ló ṣe yín lọ́nà?" Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ni."

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe yè. A ò rí Múfútàù títí dòní. Òfin náà ló pa ọkọ, òfin náà ló gba ìyàwó là, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ìwọ̀n. Nígbà tí ọ̀nà ńlá ṣí tán, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó lọ sí apá Mowé àti Ìbafọ̀, àwọn kan ta lọ́rì, ẹgbẹ́ sì rọra tú bí iyọ̀ nínú omi.

Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn ní Mowé. Ikú ń bà á lẹ́rù gidigidi, kò fi pamọ́. Ó ní kí n máa bá òun sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi sùn, kí yàrá má bàa dákẹ́. Mo ń sọ ìtàn tirẹ̀ fún un, mo sì ń bu iyọ̀ sí i. Nígbà tí mo dé ibi tó ti fò sílẹ̀ bí ẹkùn, ó la ojú.

"Ṣé mo mú àdá dání ni?"

"Ẹ mú u dání, Bàbá."

Ó rò ó díẹ̀. "Fi í síbẹ̀. Ó yẹ mí."

Mo ti fi í síbẹ̀ látìgbà náà, gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé nìyí, àwọn ọmọ mi yóò kà á lẹ́yìn mi. Kò sí àdá. Kò bú ramúramù. Èmi ni mo dá ìyẹn sílẹ̀, láti orí ẹkùn dé orí ẹyẹ Ìbafọ̀.

Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ó pa ẹ́ńjìn, ó sì jókòó, ó di sítíárìn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ nínú ọ̀pẹ. Ó ti tọ̀ sára. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú òjò, ó sì ń rìn lọ sí ìdí lọ́rì náà, ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí." Kò dúró, ó sì ń lọ. Láti abẹ́ tápólì, ohùn obìnrin kan dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá."